Ṣé fóònù rẹ ló burú ni àbí ìmọ́lẹ̀? Ohun tó yẹ kí o mọ̀ nípa yíya fọ́tò àti fídíò lábẹ́ oòrùn Libreville

Àwọ̀ aró ni aṣọ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Nígbà tí fọ́tò rẹ̀ fi máa dé orí WhatsApp oníbàárà, ó ti di elésè àlùkò. Oníbàárà sanwó, ọjà dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní èyí kọ́ ni òun rà. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Irú wàhálà yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń fi fóònù polówó ọjà. Ní Mont-Bouët, ọjà tó tóbi jùlọ nílùú Libreville tó jẹ́ olú ìlú orílẹ̀èdè Gabon, àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà, Benin, Togo, Cameroon àti Mali ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Bíi ti Balógun l'Ékòó tàbí Dantokpa ní Cotonou, fóònù ti di apá kan lára ìsọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò ráyè wá sọ́jà ń wo ọjà lójú fóònù, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ló máa fi pinnu bóyá òun á sanwó tàbí òun kò ní san.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá ẹ̀bi lé tí fọ́tò bá burú. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù kọ́ ló jẹ̀bi. Ìmọ́lẹ̀ ni, àti àwọn sẹ́tíǹgì díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn rí láti ọjọ́ tó ti ra fóònù náà.

Kí ló mú oòrùn Libreville yàtọ̀?

Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ìlà agbede-méjì ayé lórí. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 lọ sí àríwá ìlà náà. Èyí ló fà á tí oòrùn ibẹ̀ fi máa ń gòkè tààrà, tó sì máa ń wọ̀ tààrà, láì fi bẹ́ẹ̀ rọra yí gba ẹ̀gbẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní ìlú òyìnbó.

Tó bá ti di nǹkan bíi aago 12:20 ọ̀sán, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí. Ní apá ìparí oṣù Kẹta àti apá ìparí oṣù Kẹsàn-án, orí èèyàn gan-an ló máa ń wà. Fi wé London nínú oṣù Kejìlá, níbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ju nǹkan bíi dígírì 15 lọ sókè láti ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀.

Kí ni èyí kan fọ́tò? Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá tààrà máa ń fi òjìji sí ihò ojú, abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n. Iwájú orí á máa dán bíi ẹni tó fi epo pa á, ojú á sì kó sínú bíi ti ẹni tí kò sùn láti ìjẹta. Arẹwà lè bọ́ sábẹ́ oòrùn aago kan ọ̀sán kí fọ́tò rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn tó kún orí YouTube ti máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Àwọn tó wà ní London tàbí New York á ní kí o dúró de wákàtí tí oòrùn bá pọ́n bíi wúrà, pé ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ máa ń dára jùlọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ wákàtí náà kì í ṣe wákàtí ní Libreville. Nítorí pé oòrùn ń wọ̀ tààrà, ìmọ́lẹ̀ oníwúrà yẹn kì í tó ìdajì wákàtí kí ó tó lọ, òkùnkùn á sì tẹ̀lé e kíákíá.

Oòrùn máa ń yọ níbẹ̀ láàárín aago 6:00 sí 6:35 àárọ̀, ó sì máa ń wọ̀ láàárín aago 6:05 sí 6:40 ìrọ̀lẹ́, láti Ṣẹ́rẹ́ títí di Ọ̀pẹ. Ẹni tó bá dá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún tọkọtaya kan ní Bord de Mer, etí omi tí àwọn èèyàn ti máa ń lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, tí ìyàwó wá ń wé gèlè lọ́wọ́ títí di aago méje, iná mọ́tò ni yóò fi ya fọ́tò ìgbéyàwó náà. Aago márùn-ún kọjá ló yẹ kó dá fún wọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá lẹ́nu. Nílé, tí a bá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn tó ń ta àti ọyẹ́ ló máa wá síni lọ́kàn. Ní Libreville, ẹ̀ẹ̀rùn ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹsàn-án. Òjò kì í rọ̀, àmọ́ ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run lọ́pọ̀ ọjọ́, ooru á sì dínkù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irú ọjọ́ báyìí kò dára fún fọ́tò. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ìkùukùu dà bíi aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ta sójú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ á tàn yíká, òjìji á rọ̀, àwọ̀ aṣọ á sì jáde bó ṣe rí. Ẹni tó ní ọjà púpọ̀ láti yà fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè fi àwọn oṣù yìí ṣe é ní ìgboro láì bìkítà nípa ohun tí aago wí.

Tí oòrùn bá sì wà ńkọ́? Lọ síbi tí òjìji ilé bá pin, kí o dúró sínú òjìji náà, àmọ́ kí o kọjú síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹnu ọ̀nà ilé, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, gbogbo wọn ló dára. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Seydou Keïta tó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ nílùú Bamako lọ́dún 1948, àgbàlá ilé rẹ̀ ló ti ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí gbogbo àgbáyé mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló lò, ó sì ta aṣọ sẹ́yìn àwọn tó ń yà.

Aṣọ kì í yí àwọ̀ padà lásán

Ká padà sórí aṣọ aró tó di elésè àlùkò. Wo òkè orí oníṣòwò náà ná.

Ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Áfíríkà, abẹ́ agboòrùn ńlá tàbí tàpólì ni wọ́n ti ń tajà. Pupa ni ti ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn jẹ́ búlúù, ti ẹlòmíràn jẹ́ àwọ̀ ewé. Nígbà tí oòrùn bá gba inú tàpólì pupa kọjá, ìmọ́lẹ̀ pupa ló máa bọ́ sórí ọjà. Ojú èèyàn gbọ́n, ọpọlọ máa ń tún un ṣe fún wa, ìdí nìyẹn tí oníṣòwò fi ń rí aṣọ rẹ̀ ní aró síbẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ̀. Bó ṣe rí i ló ṣe máa yà á, aró tó bá sì gba ìmọ́lẹ̀ pupa, elésè àlùkò ló máa dà.

Fóònù máa ń gbìyànjú láti tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, àmọ́ àwọ̀ tàpólì máa ń le jù fún un. Kò sí sẹ́tíǹgì tó dára tó kí o gbé aṣọ náà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí òjìji tí kò ní tàpólì tó. Tí kò bá ṣeé ṣe láti kúrò níbẹ̀, fi bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà nínú fọ́tò, kí oníbàárà lè rí ìyàtọ̀ láàárín funfun gidi àti àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi kún un.

Inú ìsọ̀ tó ní iná mànàmáná tún ní ìṣòro tirẹ̀. Gílóòbù tó pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Tí méjèèjì bá pàdé lára aṣọ, apá kan á pọ́n, apá kejì á dà bíi búlúù. Pa gílóòbù náà kí o fi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣe é, tàbí kí o ti ilẹ̀kùn kí o lo gílóòbù nìkan.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ojú ewé kan wà tí wọ́n pè ní Pro níbi tí èèyàn ti lè fúnra rẹ̀ yan bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà K ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Gílóòbù pupa ilé wà ní nǹkan bíi 2,700 sí 3,000, oòrùn ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5,500, òjìji ìta lè tó 7,000. Yan èyí tó bá ibi tí o wà mu. Tí fọ́tò bá ṣì dà bíi búlúù, gbé nọ́ńbà náà sókè díẹ̀; tó bá pọ́n jù, fà á wálẹ̀. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń tà ní Libreville máa ń sọ, nítorí náà Réglages tàbí Paramètres lo máa rí níbi tí ti Nàìjíríà ti kọ Settings.

Kí ló dé tí ojú aláwọ̀ dúdú fi ń sọnù nínú fọ́tò?

Kámẹ́rà kì í wo èèyàn. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń pò pọ̀, tí yóò sì gbìyànjú láti mú kí ìmọ́lẹ̀ wọn wà ní àárín méjì, kí ó má funfun jù, kí ó má dúdú jù. Tí funfun bá pọ̀ níwájú rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Tí dúdú bá pọ̀, á fi kún un.

Gbé èyí wá sí òde àríyá Yorùbá. Ìyá ìyàwó wọ léèsì funfun, ó dúró níwájú ògiri funfun, gèlè rẹ̀ ń dán yanranyanran. Kámẹ́rà rí gbogbo funfun yìí, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù. Léèsì jáde dáadáa. Ojú Màmá di òkùnkùn.

Ìtàn náà jìn ju sẹ́tíǹgì lọ. Láti bíi ọdún 1950 síwájú, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò ní káàdì kan tí wọ́n fi ń wo bóyá àwọ̀ jáde dáadáa. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Tí àwọ̀ ara Shirley bá ti dára, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n Lorna Roth ti orílẹ̀èdè Canada fi hàn pé lára ohun tó mú Kodak ronú lórí àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ ni àròyé àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi, tí wọ́n ní ọjà àwọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò. Nítorí ṣokoléètì ni wọ́n fi gbọ́, kì í ṣe nítorí èèyàn dúdú.

Nǹkan ti ń yí padà. Ilé iṣẹ́ Transsion ti China, tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, gba ọjà Áfíríkà nítorí pé ó ṣe kámẹ́rà tó ń rí àwọ̀ dúdú dáadáa, yàtọ̀ sí pé owó fóònù wọn kò ga. Lọ́dún 2021, Google náà gbé ètò kan tó pè ní Real Tone jáde pẹ̀lú fóònù Pixel 6, kí oríṣìíríṣìí àwọ̀ ara lè jáde bó ṣe rí. Síbẹ̀, kò sí fóònù tó mọ ẹni tó ṣe pàtàkì nínú fọ́tò náà ju ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ.

Nítorí náà, fi ìka tẹ ojú ẹni tí o fẹ́ yà lórí fóònù. Àmì oòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí iPhone àti ọ̀pọ̀ Android. Fà á sókè, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ sí i; fà á wálẹ̀, á dínkù. Fún ìyá ìyàwó tó wọ léèsì, fà á sókè díẹ̀, kí o sì tan HDR tí fóònù bá ní in, nítorí òun ló máa ń jẹ́ kí funfun aṣọ àti dúdú ara hàn pa pọ̀. Tó bá jẹ́ pé aṣọ dúdú ló wọ̀ níwájú ògiri dúdú, fà á wálẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ á ṣí bíi ti ẹni tó fi eérú pa ara.

Má fà á sókè jù o. Ẹwà àwọ̀ dúdú wà nínú bó ṣe ń dán. Ẹni tó bá fi ìmọ́lẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kó lè mọ́lẹ̀ ti ba ohun tó yẹ kó yà jẹ́. Bọ́tìnì tó ń bó èèyàn lójú, tí wọ́n ń pè ní Beauty, tètè pa á. Ó wà ní títàn lórí ọ̀pọ̀ fóònù láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Fídíò: kí ló dé tí iná fi ń sáré kọjá lójú fóònù?

Ẹni tó bá ti ṣe fídíò nínú ìsọ̀ tó ní iná ọ̀pá tàbí LED ti rí i rí: ìlà dúdú dúdú ń gun òkè ń sọ̀kalẹ̀ nínú fídíò, bẹ́ẹ̀ ojú kò rí nǹkan kan nínú ìsọ̀.

Iná mànàmáná ló fà á. Ní Gabon, bíi ti Nàìjíríà, Benin àti Togo, ìgbà 50 ni iná máa ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ á sì ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń ya fídíò ní àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó bá iná Amẹ́ríkà mu ju tiwa lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Lórí iPhone, wọ Settings, lọ sí Camera, lẹ́yìn náà Record Video, kí o tan Show PAL Formats, lẹ́yìn náà yan 25. Lórí àwọn Android tó ní i, wá ibi tí wọ́n kọ 50Hz sí nínú sẹ́tíǹgì kámẹ́rà. Tí fóònù bá ní Pro fún fídíò, fi ìyára kámẹ́rà sí 1/50 tàbí 1/100.

Ohun kejì ni pé fídíò kì í fẹ́ kí kámẹ́rà máa yí ọkàn padà. Bí ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun bá gba ẹ̀yìn kọjá, kámẹ́rà á tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, á tún mọ́lẹ̀. Tẹ ojú ẹni náà kí o má yọ ìka kúrò títí fóònù á fi sọ pé òun ti tì í pa. Lórí iPhone, AE/AF Lock ló máa kọ.

Nígbà tí fídíò kan dá awuyewuye sílẹ̀ ní Gabon

Ìlú Libreville mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ pé bí ojú èèyàn ṣe rí nínú fídíò lè di ọ̀rọ̀ ńlá. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2018, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Ààrẹ Ali Bongo nígbà tó wà ní Saudi Arabia. Orílẹ̀èdè Morocco ló ti ń gba ìtọ́jú nígbà tí wọ́n fi fídíò ọ̀rọ̀ ọdún tuntun rẹ̀ síta lópin ọdún náà. Àwọn kan ní ojú rẹ̀ le gbagidi, pé kò ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é.

Lọ́jọ́ keje oṣù Kínní ọdún 2019, àwọn ọmọ ogun kan tí Lieutenant Kelly Ondo Obiang ṣáájú wọn gba ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Libreville. Wọ́n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọdún tuntun náà, wọ́n ní ó túbọ̀ mú kí àwọn ṣiyèméjì bóyá ààrẹ ṣì lè ṣe ìjọba. Ìdìtẹ̀ náà kùnà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ tó yẹ fídíò náà wò lẹ́yìn náà kò rí ẹ̀rí pé ayédèrú ni.

Fídíò mìíràn tún jáde lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó nínú ilé rẹ̀, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé pé kí wọ́n pariwo síta. Láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo àgbáyé ti wò ó.

Kò sí ẹni tó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ló fa ìdìtẹ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ya fídíò tí àwọn ẹlòmíràn máa gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ì báà jẹ́ ti ìjàm̀bá ọkọ̀, ti ilé tí omi yalé tàbí ti ọjà tó bàjẹ́, yẹ kó mọ̀ pé ojú tó dán bíi ṣẹ́ẹ̀lì àti àwòrán tó ṣókùnkùn máa ń fún àwọn tí kò fẹ́ gbà gbọ́ láyè. Má fi nǹkan kan tún irú fídíò bẹ́ẹ̀ ṣe. Jẹ́ kí ó gùn díẹ̀ láì gé e, kí o sì yí kámẹ́rà sí àyíká kí àwọn èèyàn lè dá ibẹ̀ mọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń ba fọ́tò jẹ́

Nu dígí kámẹ́rà. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ká máa sọ, àmọ́ òógùn àti epo ọwọ́ ló fa ọ̀pọ̀ fọ́tò tó dà bíi pé èéfín wà nínú rẹ̀. Ní Libreville tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń tutù rinrin, fóònù tó ti inú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù wà jáde síta máa ń làágùn lójú kámẹ́rà. Jẹ́ kí ó wà níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí o tó yà.

Fíláàṣì fóònù kì í lọ jìnnà. Tí ìlọ́po ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní mítà kan bá jẹ́ mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní mítà méjì. Ẹni tó ń tan fíláàṣì sí akọrin lórí pèpéle láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, orí àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń tàn án sí. Pa á, lo Night mode, kí o fara ti ògiri, nítorí fóònù nílò kí ọwọ́ dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta.

Dípò kí o fi ìka fẹ àwòrán, rìn súnmọ́ ohun tí o fẹ́ yà. Èèyàn nìkan ni kí o má súnmọ́ jù, nítorí imú á tóbi ju etí lọ. Fi bíi mítà méjì sílẹ̀, kí o lo 2x.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ó ku bí o ṣe máa fi ránṣẹ́. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè kéré. Láti ọdún 2023 ni bọ́tìnì HD ti wà níbẹ̀, tẹ̀ ẹ́ kí o tó firánṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà fẹ́ rí gbogbo òwú aṣọ náà, fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Àmọ́ rántí pé Document kì í yọ ohunkóhun kúrò nínú fọ́tò, títí kan ibi tí o wà nígbà tí o yà á. Tó bá jẹ́ inú ilé rẹ lo ti yà á, pa Location nínú sẹ́tíǹgì kámẹ́rà kí o tó yà.